Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ọ̀tọ̀-Àwórì: Ẹ Fún Ọkọ̀ Ìpẹja Àlòkù Ní Ìwé Ìtàn

Sí Alága Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Ọ̀tọ̀-Àwórì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ tí wọ́n ti inú rẹ̀ yọ Ọ̀tọ̀-Àwórì àti Ìbà jáde, àti sí gbogbo ẹ̀yin apẹja tí etí omi jẹ́ ilé fún.

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í pariwo, ìyẹn ló fi rọrùn láti fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìpẹja àlòkù ni. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ apẹja kékeré kò tó ẹ́ńjìnì tuntun mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, àlòkù ló kù fún un: ara ọkọ̀ lọ́wọ́ apẹja mìíràn, ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ lọ́jà. Owó ńlá ni, owó àjọ àti owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ra mọ́tò àlòkù ní Okokomáíkò á béèrè ìwé, á yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wò, á sì mọ orúkọ ẹni tó ni ín kí ó tó kówó sílẹ̀. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tí yóò gbé òun àti ọmọ rẹ̀ wọ òkun kì í sábà rí gbà ju ọwọ́ bíbọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan fún ọkọ̀ ìpẹja, níbi tí ìtàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà ní àkọsílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè kà á kó tó sanwó. Ohun tó lè pa apẹja nínú ọkọ̀ àlòkù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ojú kò lè rí, bó ti wù kí ojú náà mú tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara igi. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ mọ̀ pé ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ìrókò máa ń pẹ́ nínú omi, wọ́n sì mọ̀ pé arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kì í fara da ọ̀rinrin pẹ́. Irú igi tí wọ́n lò ni ìbéèrè àkọ́kọ́, torí pé ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ máa ń sọ gbogbo igi di ọ̀kan náà lójú. Bí igi bá tiẹ̀ dára, ọ̀tá kan wà nínú omi oníyọ̀ tó lè jẹ ọ̀pọ̀ igi. Ẹran omi kan ni, ẹ̀yà àwọn oníkarawun, tí ara rẹ̀ gùn tó sì rọ̀ bí ti ekòló. Ìgbà tó ṣì kéré jọjọ ló máa ń wọ inú igi, ihò tó gbà wọlé kì í ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Inú pákó ló ti ń dàgbà, tó ń jẹ igi lọ gbọọrọ, tó sì ń fi nǹkan funfun bí ẹfun rẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀. Òde pákó á ṣì máa dán, inú rẹ̀ á ti di ihò lórí ihò. Ẹran yìí ló ba ọkọ̀ Christopher Columbus jẹ́ débi pé ní ọdún 1503, ńṣe ló fipá gbé èyí tó kù nínú wọn gúnlẹ̀ sí etíkun Jàmáíkà, tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì há síbẹ̀ fún bí ọdún kan. Ọ̀gá atukọ̀ ni Columbus, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹran náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ọ̀tọ̀-Àwórì gan-an ni pé omi wa kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀sà Ológe, tí odò Òwò ń ṣàn sínú rẹ̀, omi aláìníyọ̀ ni. Ó ń bọ́ sínú ọ̀sà tóóró tó ti Àgbádárìgì wá, èyí tí iyọ̀ máa ń bá wọlé láti ìhà èbúté Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò sì máa ń fọ iyọ̀ náà kúrò nígbà tí ó bá rọ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀ iyanrìn tó wà ní òdì kejì, òkun ni. Ẹran tó ń jẹ igi yìí kò lè gbé inú omi aláìníyọ̀. Ó lè ti ẹnu ihò rẹ̀ pa kó sì wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò kú. Àǹfààní nìyẹn fún apẹja, nítorí ó lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sinmi ní Ológe kí nǹkan náà lè kú dànù. Fún ẹni tó ń rà á, pàkúté ni. Ọkọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lójú òkun lè dé etí omi Ọ̀tọ̀, kí wọ́n dè é síbẹ̀ fún oṣù méjì, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kí wọ́n sì tà á fún ẹni tó gbà pé ọkọ̀ ọ̀sà ni. Ẹran náà ti kú, ihò rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Kò sí ohun tó lè sọ fún òǹrajà pé ọkọ̀ yẹn ti rí òkun rí, àfi àkọsílẹ̀ tàbí òótọ́ ẹnu ẹni tó ń tà á.

Lóòótọ́, àyẹ̀wò wà tí òǹrajà lè ṣe fúnra rẹ̀. Ó lè fi òòlù kékeré lu pákó kó gbọ́ bóyá ó ń dún bí ohun tó ṣófo. Ó lè fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un lábẹ́ ibi tí omi ń mu dé, pàápàá ní pákó ìdí ọkọ̀ àti ní oríta tí pákó méjì ti pàdé, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń pa. Ó lè wo ẹsẹ̀ ìṣó: bí igi bá ti dúdú tó sì rọ̀ yí ìṣó ká, ìṣó irin náà ti dógùn-ún, kò sì di nǹkan kan mú mọ́. Kó fura sí páànù tí wọ́n kàn mọ́ ìdí ọkọ̀, kó sì ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan kí òun rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbọ́n omi inú ọkọ̀ gbẹ lálẹ́, kí ó sun ojú omi, kí òǹrajà wá wò ó láàárọ̀. Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí ọkọ̀ tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí pákó tó mu omi kó wú kó sì dí ojú ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á kọ ọkọ̀ tó dára sílẹ̀, á lọ ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òwú àti ọ̀dà dí ẹnu rẹ̀. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí ni kò sì ṣeé ṣe lórí omi. Ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú omi kí a tó lè gún un. Bí kò bá sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tí a lè fa ọkọ̀ sókè sí láìba ìdí rẹ̀ jẹ́, orí omi náà ni wọ́n á ti máa nájà ọkọ̀, bí ẹni ń ra ilé láìwọ inú rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ọkọ̀ fáíbà ni ọ̀nà àbáyọ. Fáíbà dára, nǹkan tó ń jẹ igi kò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn tirẹ̀. Omi máa ń wọ abẹ́ awọ rẹ̀ kó sì lé ròrò. Bí a bá tú ọ̀kan, omi tó máa jáde á máa rùn kíkan. Èyí tó léwu jù ni pákó ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, pákó oníwọ̀n, tí à ń pè ní plywood, ló wà láàárín, fáíbà ló kàn bò ó. Ibi tí wọ́n lu fún bóòtù ni omi ń gbà wọlé, igi á jẹrà nínú, òde á sì máa dán. Ẹ di orí ẹ́ńjìnì mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í sílẹ̀: bí pákó ẹ̀yìn bá ń mì tẹ̀lé e, tàbí tí omi ń sun jáde lẹ́sẹ̀ bóòtù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ́ńjìnì náà máa já sínú omi.

Ẹ́ńjìnì ló ń gba owó jù nínú ọjà yìí, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi tan èèyàn. Ọ̀kan tí gbogbo apẹja mọ̀ ni Yamaha 40, onípísítìnì méjì, tó ń jẹ bẹntiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́. Omi abẹ́ ọkọ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára: á fà á wọlé láti ìsàlẹ̀, á gbé e yí ibi tó gbóná ká, á sì tú u jáde. Bí omi yẹn bá jẹ́ ti òkun, tí ẹni tó ni ín kò sì máa fi omi aláìníyọ̀ fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, iyọ̀ á máa dì sójú ọ̀nà omi náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi máa gbóná kọjá ààlà, tí písítìnì yóò sì há. Lọ́jà, inú dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n ti sábà ń dán an wò. Wọ́n á fà á, á dún, omi á máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn á ní ó ti yá. Ẹ́ńjìnì tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kò ru ẹrù kankan, ìdánwò yẹn kò sì sọ ju pé ó lè dún. Ìdánwò tó ní láárí ni kí òǹrajà bá a nígbà tó tutù, kó fọwọ́ kan ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fà á, torí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Kí mẹkáníìkì tú ọ́ìlì jíà nísàlẹ̀: bó bá jáde ní funfun bí wàrà, omi ti wọlé, síìlì ti lọ, bí eérú irin bá ń dán nínú rẹ̀, jíà ti ń jẹ ara rẹ̀. Kó yọ púlọ́ọ̀gì, kó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n mọ agbára tí písítìnì kọ̀ọ̀kan fi ń tẹ atẹ́gùn. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí èkejì, àtúnṣe ńlá ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé e kọ́ ọkọ̀, kí wọ́n di ẹrù tó tó ti ọjọ́ iṣẹ́, kó sì sáré ní kíkún fún bí ìdajì wákàtí. Kí wọ́n sì wo ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì pọ̀: ọkọ̀ pákó tí wọ́n kàn fún ẹ́ńjìnì 15, tí ẹnì kan wá gbé 40 kọ́ lẹ́yìn, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì náà á máa tú ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ńkọ́? Ó wà lára irin tí wọ́n fi ń dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Olè tó ń jí ẹ́ńjìnì gbé kì í ṣe ìròyìn tuntun ní àwọn ọ̀sà àti odò gúúsù Nàìjíríà, olè náà sì mọ̀ pé nọ́ńbà ni ohun àkọ́kọ́ tí òun gbọ́dọ̀ há kúrò. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, kí ni òǹrajà máa fi wé? Bí kò bá sí ìwé níbì kankan tó sọ pé ẹ́ńjìnì báyìí jẹ́ ti apẹja báyìí, tàbí pé apẹja kan ti wá kéde pé wọ́n jí i, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Ó lè fi owó gidi ra ẹrù olè, kí ọlọ́pàá sì wá mú un lórí rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan wà tí ojú, òòlù àti mẹkáníìkì lè rí, bí a bá fún wọn ní ilẹ̀ àti àkókò. Apá kejì, ìyẹn omi tí ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́ rí, ìjàm̀bá tó ti bá a, ẹni tó ni ẹ́ńjìnì, kò sí irin tó lè gún un jáde. Ìwé nìkan ló lè sọ ọ́. Ìwé náà kò sì lè wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, torí òun ni àǹfààní wà fún láti pa á rẹ́. Ọwọ́ ìjọba tó súnmọ́ èbúté jù ló yẹ kó wà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ti fi iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́: nínú Àlẹ̀mọ́ Kẹrin rẹ̀, fífún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, ọmọlanke àti irú wọn ní ìwé àṣẹ wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin náà yọ ọkọ̀ ẹrù orí ilẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Kò yọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ní ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Mo gbà pé ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) ni Ọ̀tọ̀-Àwórì, ọ̀kan nínú 37 tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé òfin yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí Ọ̀jọ́ pẹ̀lú. Kí Ọ̀jọ́ ṣe òfin àdúgbò rẹ̀, kí Ọ̀tọ̀-Àwórì àti Ìbà máa ṣiṣẹ́ lé e lórí ní èbúté wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ omi ti kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ láti ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, láre lórí LASWA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó fún ọ̀nà omi, nípa àṣẹ orí ọ̀nà omi. N kò fojú kéré ìdájọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kíkọ ìtàn ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń tà á kì í ṣe dídarí ọ̀nà omi, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ náà kò fa Àlẹ̀mọ́ Kẹrin ya. Ẹ kọ̀wé sí NIWA, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà ìwé náà. Ohun tó burú ni kí àwọn aláṣẹ máa bá ara wọn fa ẹni tó ni omi nígbà tí kò sí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ èrò kan gbéra lálẹ́ ní Mile 2, ó forí lé ìhà Ìbẹ̀ṣẹ̀, ó dojú dé, ẹ̀mí sì bá a lọ. Lẹ́yìn irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹnu ló máa ń sọ ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti ìrìn òru, ó sì tọ́. Apẹja méjì tí ọkọ̀ wọn là sí méjì lójú òkun kì í wọ ìròyìn. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1999 pé iṣẹ́ ẹja pípa ń pa bí 24,000 èèyàn lọ́dọọdún káàkiri ayé. Òfin wa sì ti ya máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etíkun sọ́tọ̀ fún apẹja kékeré, pé kí ọkọ̀ ńlá afàwọ̀n má ṣe wọ ibẹ̀. Ẹni tí a fún ní òkun yẹ kó lè mọ irú ọkọ̀ tó fi ń wọ̀ ọ́.

Àtakò tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn apẹja fúnra wọn. Wọ́n á ní tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ló ń bọ̀ yìí, pé owó tí wọ́n ń san létí omi ti pọ̀ jù, pé ìwé tí ìjọba bá mú wá, owó ló wá gbà. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí, bí ẹ kò bá sì dáhùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ètò náà á kú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìkan ni kí ẹ gba owó kékeré, kó jẹ́ iye kan náà fún gbogbo èèyàn, kí ẹ kọ ọ́ sára pátákó ní èbúté, kí ẹ sì fún wọn ní rìsíìtì. Kí àyẹ̀wò má ṣe wà lọ́wọ́ akọ̀wé tí kò kan ọkọ̀ rí. Ẹ fi í lé àwọn àgbà tó ń kan ọkọ̀ àti mẹkáníìkì tí àwọn apẹja fúnra wọn bá yàn lọ́wọ́, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ wọn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe fọ́ọ̀mù tí apẹja tí kò kàwé lè lóye, ní Yorùbá àti ní Ẹ̀gùn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé apẹja àgbà mọ ọkọ̀, kò nílò ìwé. Òótọ́ ni pé ó mọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò lè sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ti fi hàn nípa Ológe, kì í sì í ṣe àgbà nìkan ló ń ra àlòkù. Ọ̀dọ́ tí kò ní ju owó àjọ lọ ló ń rà á jù. Ní ti pé iye owó ọkọ̀ á gbéra sókè, bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ tó ní ìwé tó dára á wọ́n díẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà á sì wálẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lónìí, iye kan náà ni wọ́n ń dá lé méjèèjì, ẹni tó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ sì ń pàdánù nígbà tó bá tà á.

Pé ọkọ̀ onígi ṣeé fún ní nọ́ńbà kì í ṣe àlá. Ní Ghana, ìjọba ti forúkọ ọkọ̀ apẹja etíkun sílẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí wọn lára. Senegal bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2006. Kì í ṣe nítorí ọjà àlòkù ni wọ́n fi ṣe é, iye ọkọ̀ tó wà lójú omi ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Àwa lè fi kún un: omi tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, igi tí wọ́n fi kàn án, àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ẹni tó ni ín. Ojú ìwé kan ti tó fún ọkọ̀ kan.

Alága wa, n kò béèrè pé kí ẹ ṣe é káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní èbúté kan ṣoṣo ní Ọ̀tọ̀. Ẹ fi kọnkéré ṣe ibi ìfakọ̀sókè kan síbẹ̀, ẹ fi tábìlì kan àti ìwé ńlá kan sí i, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra ọkọ̀ kí ìwé yẹn tó délẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sanwó lórí omi, ẹ má sanwó lálẹ́, ẹ sì má sanwó fún ẹni tí kò bá gbà kí ẹ fi irin gún ìdí ọkọ̀ rẹ̀.